Ògiri Tí Màámi Ń Rẹ́

Ọdọọdún tí òjò bá ti dáwọ́ dúró ni ìyá wa máa ń rẹ́ ògiri ẹ̀yìn. Amọ̀ ni bàbá wa fi mọ ilé náà kí wọ́n tó kú, òjò a sì máa họ ọ́ bí àgbàdo tí eku jẹ. Màámi á ká aṣọ sórúnkún, wọ́n á fẹsẹ̀ po amọ̀, wọ́n á máa fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ẹ. Mo ti pẹ́ lẹ́yìn odi, àmọ́ òórùn amọ̀ tútù yẹn ò tíì kúrò nímú mi.

Aládùúgbò wa kan fẹ́ràn láti máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Alámọ̀, èyí tẹ́ ẹ ṣe léṣìí ńkọ́?"

"Òjò ti jẹ ẹ́."

"Tó bá tún jẹ èyí ńkọ́?"

"Á bá mi nílé."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ bíríkìlà, kì í rẹ́rìn-ín sí i. Ojú ń tì í pé òun ń kọ́lé fún gbogbo ayé, ìyá òun sì ń tẹ ẹrẹ̀. Ẹ̀yìn sì ti ń ro Màámi.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, kí ìyà yìí tán."

"Ta ló ní ìyà ni? Bàbá yín ò sí mọ́. Ilé yìí ló kù tí mo lè tọ́jú fún wọn."

Ṣùgbọ́n nígbà tí Màámi lọ tọ́jú àbúrò wọn tó ń ṣàìsàn, ẹ̀gbọ́n mi kó sìmẹ́ńtì dé. Ìgbà tí wọ́n fi padà, ògiri ti ń dán.

"Ó parí, Màámi! Ẹ máa jókòó bí olorì."

Màámi fọwọ́ pa ògiri náà lára. "O ṣeun, ọmọ mi." Wọ́n lọ fọ ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀hún ò dọ̀tí.

Ni wọ́n bá ń jókòó. Ìjókòó náà mú orúnkún wọn gan. Omi tí ìdí ògiri ń fà láti ilẹ̀ ò sì ríbi gbẹ sí mọ́, sìmẹ́ńtì ti dí i pa. Nígbà tí òjò ọdún kejì fi lọ, ògiri ti wú. Ẹ̀gbọ́n mi fi òòlù fọ́ sìmẹ́ńtì náà. Ẹrẹ̀ ló ń ṣàn jáde. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú rẹ̀.

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ sinmi ni, Màámi."

"Mo mọ̀. Dìde."

Wọ́n káṣọ, wọ́n fẹ́ wọnú ẹrẹ̀ náà. Orúnkún ò gbé wọn. Èmi ni mo dì wọ́n mú.

Ilé náà wó. Ẹ̀gbọ́n mi mú wọn lọ sílé tirẹ̀. Láràárọ̀, wọ́n á ní, "Kí ló wà nílẹ̀ tí mo lè ṣe?"

"Kò sí, Màámi. Ẹ sinmi."

Nígbà tí mo fi máa rìnrìn àjò, wọn ò bi í mọ́.