Ta Ló Sọ fún Jẹ́nẹ́rà Pé Kó Mú Un?

Ìbínú tí Ìyá Télọ̀ gbé jí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ká ní ó ṣeé fi dáná ni, ì bá se oúnjẹ gbogbo àdúgbò jinná, ì bá sì tún ku èyí tí wọ́n á fi lọ aṣọ. Ó jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ nínú pálọ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ gbà-gbà-gbà láìsí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ajá ńlá dúdú kan dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì, wọ́n so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì náà, ó gbé orí lé ẹsẹ̀ ìyá náà bí ẹni gbé e lé ìrọ̀rí. Jẹ́nẹ́rà ni wọ́n ń pè é.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ta táyà, jáde láti yàrá. Ó ti wọ bàtà.

"Màmá, mo ti pe dókítà ẹranko. Wọ́n á fún un lábẹ́rẹ́, á sì sùn lọ. Kò ní jẹ̀rora rárá."

"Ta ni kò ní jẹ̀rora?"

"Ajá náà ni, Màmá."

"Háà! Mo ti rò pé ìwọ ni. Torí ìwọ ló yẹ kí wọ́n gún. Ìdí ẹ gan-an ni kí wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ̀, kí wọ́n sì lo èyí tó nípọn jù."

Ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì. "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ajá yìí ti jẹ èèyàn."

Òótọ́ ni, ó ti jẹ èèyàn. Lánàá ni Ìyá Akọrin, oníbàárà wọn kan, wá gba aṣọ rẹ̀. Ó tẹ aago ẹnu ọ̀nà, ó ṣí ilẹ̀kùn bí àwọn oníbàárà ṣe máa ń ṣe, kó sì tó ní ẹ kú iṣẹ́, Jẹ́nẹ́rà ti fò jáde láti yàrá, ó ti gbá ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Igbe ta. Ìyá Télọ̀ ò wá igi, kò wá omi. Ńṣe ló ju gbogbo ara rẹ̀ lu ajá náà, ó sì jókòó lé e lórí títí tó fi la ẹnu. Nígbà tí wọ́n ń fà á dìde, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó ní, "Ọpẹ́lọpẹ́ ìdí yìí! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri, mi ò mọ iṣẹ́ tó wá ṣe láyé." Lẹ́yìn náà ló fi ọṣẹ àti omi ẹ̀rọ fọ ojú ọgbẹ́ náà, ó fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́ títí obìnrin náà fi ń bẹ̀ ẹ́ pé ó tó, kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ gba abẹ́rẹ́.

Ohun tó ń bí Ìyá Télọ̀ nínú kì í ṣe ti ajá. Ilé télọ̀ ni ilé wọn. Látàárọ̀ dalẹ́, èèyàn ń wọlé, èèyàn ń jáde: ẹni tó fẹ́ wọn aṣọ, ẹni tó fẹ́ kí wọ́n tú aṣọ òun torí ó ti sanra. Aago ẹnu ọ̀nà ò sinmi. Irú ilé yìí ni ọmọ rẹ̀ ra ajá wá sí, irú èyí tí wọ́n bí láti máa ṣọ́ ọgbà. Ó rí ọkùnrin kan tó fi irú rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ wá pààrọ̀ táyà, ó rí bí gbogbo èèyàn ṣe ń yà fún un, ó sì wọ̀ ọ́ lójú. Nígbà tó lọ yan tirẹ̀, èyí tí orí rẹ̀ tóbi jù nínú àwọn ọmọ ajá náà ló nawọ́ sí. Kò béèrè irú iṣẹ́ tí irú ajá bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Kò béèrè ẹni tí yóò máa mú un rìn.

"Kí ni olè fẹ́ wá jí níbí?" Ìyá Télọ̀ bi í lọ́jọ́ náà. "Bọ́tìnnì?"

Èyí tó wá burú jù ni eré tó ń bá a ṣe. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò fi àpò tí wọ́n ki èérún aṣọ sí kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ aago, yóò sì pariwo, "Mú un!" Jẹ́nẹ́rà á fò mọ́ àpò náà, á fà á ya, ọkùnrin náà á sì ju ẹran sí i lẹ́nu. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á fi fóònù yà á, wọ́n á máa fẹnu tẹ́ńbẹ́lú ẹni tó bá sá. Tó bá di ojúmọ́, wọ́n á ti ajá náà mọ́ yàrá. Tó bá jẹ ìrọ̀rí, wọ́n á fi sálúbàtà nà án. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé kó jókòó. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé kó fi nǹkan sílẹ̀.

Dókítà ẹranko dé kí wọ́n tó parí àríyànjiyàn. Obìnrin kúkúrú kan ni, ohùn rẹ̀ nípọn bíi ti ọkùnrin. Ó wo ẹnu ajá, ó wo ojú rẹ̀, ó ní, "Mi ò lè pa á báyìí. Ó ti jẹ èèyàn, ẹ ní láti so ó mọ́lẹ̀ ká máa ṣọ́ ọ, ká lè mọ̀ bóyá àrùn dìgbòlugi wà lára rẹ̀. Ìgbà wo ló gba abẹ́rẹ́ àjẹsára?"

Ọmọ ọkùnrin náà wo aṣọ ìkélé.

"Kò gbà rí?" Ìyá Télọ̀ dìde. "O ra bẹ́líìtì onírin dídán sí i lọ́rùn, o ò gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára? Ìwọ yìí, ìwọ tí mo gbé pọ̀n lọ gba gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà lágbàáyé, tó o ń tọ̀ sí mi lẹ́yìn?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, dókítà wà níbí."

"Kí wọ́n gbọ́! Dókítà, ṣé ohun tó kọ́ ajá yìí ṣeé kọ́ kúrò?"

"Ó lè kọ́ òmíràn dípò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí gbogbo ilé máa sọ fún un. Ẹ má lù ú. Tó bá ṣe é dáadáa, ẹ fún un ní ẹran lójú ẹsẹ̀. Okùn ò gbọdọ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀, kí àlejò kankan má sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí ọjọ́ tí a fi ń ṣọ́ ọ bá pé, màá padà wá wò ó." Ó yíjú sí ọmọ náà. "Ṣùgbọ́n ìwọ tó o kọ́ ọ ni mo fẹ́ kó dá a dúró. Tó bá jẹ́ Màmá nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, inú ewu lẹ wà lọ́jọ́ tí Màmá ò bá sí nílé."

"Tẹ́ ẹ bá padà wá," ọmọ náà dáhùn, "ẹ mú abẹ́rẹ́ tí á fi sùn lọ yẹn dání. Tó bá fò lọ sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí aago bá dún, lọ́jọ́ náà gan-an ló ń lọ."

"Ó dáa," ni Ìyá Télọ̀ wí, ó payín keke.

Ó tẹ́ ẹní sí igun pálọ̀, ó ní "Ẹní" ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn wá di ìṣòro fún un. "Jẹ́nẹ́rà, ọmọ mi, dìde níbẹ̀ yẹn, lọ sórí ẹní ẹ, kó o jókòó bí ọmọlúàbí, kó o má jẹ́ kí wọ́n rí wa fín." Ajá náà yán.

"Màmá," ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní, "ọ̀rọ̀ kan ni dókítà wí."

"Ọ̀rọ̀ kan! Èmi tó jẹ́ pé tí wọ́n bá bi mí ní orúkọ, ìtàn ìgbéyàwó mi ni mo fi ń dáhùn!" Ó rẹ́rìn-ín títí aṣọ ìró rẹ̀ fi tú, tó fi ọwọ́ kan dì í mú. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ ní ṣókí. "Ẹní!" Ìyàwó á tẹ aago, òun á wí, á fa okùn pẹ̀lẹ́, ajá á débẹ̀, á jẹ ẹran. Kò pẹ́ tí aago fi ń dún tí Jẹ́nẹ́rà sì ń lọ sórí ẹní fúnra rẹ̀.

Àfi tí ọmọ rẹ̀ bá wà nílé. Tí aago bá dún nígbà yẹn, ajá á dá dúró láàárín pálọ̀, á máa gbọ̀n, á tẹjú mọ́ ọkùnrin náà, á máa retí.

"O rí i?" Ìyá Télọ̀ ní. "Ẹnu ẹ ló ń wò. Sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un."

"Mi ò bá ajá sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ti tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò."

"Nígbà tó o ń pariwo pé kó mú un, ṣé wàrà lo rò pé ó máa jáde? Alágídí! Ojú ló ń tì ẹ́. O fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ kó o má baà máa rí ohun tó o ṣe."

Ọkùnrin náà wọ yàrá, ó gbá ilẹ̀kùn dé gbàgà. Ìyá Télọ̀ lọ bá a níbẹ̀, ó tún fi ìkúùkù lu ilẹ̀kùn náà, ó bú u láti orí dé àtàǹpàkò, ó bú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú fóònù wọn.

Ọjọ́ tí dókítà ní òun ń bọ̀ pé. Ara Jẹ́nẹ́rà le koko, àmì àrùn dìgbòlugi kankan ò hàn lára rẹ̀. Ọmọ náà jókòó sórí àga, ó káwọ́ lẹ́rán. Ìyàwó di okùn mú. Dókítà ti kìlọ̀ lórí fóònù pé Màmá ò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan, Ìyá Télọ̀ sì mọ ara rẹ̀, ó gbé téèpù ìwọ̀n aṣọ, ó kì í sáàárín eyín, ó deyín mọ́ ọn.

Aago dún.

Jẹ́nẹ́rà fò dìde. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ dúró. Ó rìn dé àárín pálọ̀, ó dúró, ó wo ọmọ náà.

Ọmọ náà yíjú sí fèrèsé.

Aago tún dún. Ìyá Télọ̀ ń gbọ̀n ju ajá lọ. Ojú rẹ̀ pọ́n, iṣan ọrùn rẹ̀ ta, téèpù ń rún lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo èébú tó wà nínú rẹ̀ ti tò sẹ́yìn eyín bí èèyàn tó ń dúró de ọkọ̀. Ajá náà ń sunkún wẹ́wẹ́, kò wo ilẹ̀kùn rárá. Ọkùnrin yẹn nìkan ló ń wò, ìrù rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tó bá fẹ́ gba ẹran lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ó tún wo ajá.

"Ẹní," ó wí. Ó tún un sọ, ó le díẹ̀. "Jẹ́nẹ́rà. Ẹní."

Ajá náà yíjú, ó sáré lọ sórí ẹní, ó dùbúlẹ̀ gbì. Ìyàwó ju ẹran sí i. Dókítà ṣílẹ̀kùn, ó wọlé, ó kọjá ní jíjìn sí i, Jẹ́nẹ́rà ò sì dìde.

"Ó gbọ́," ni ọmọ náà ń wí. "Màmá, ó gbọ́."

Ìyá Télọ̀ tu téèpù dànù. "Ó ti ń gbọ́ látọjọ́ tó ti dé! Ìwọ ni o ò sọ ohun gidi kan fún un! Dókítà, abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan lẹ máa fún un, ẹ kó èyí tó kù padà sápò." Ó já okùn gbà lọ́wọ́ ìyàwó, ó kì í bọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Tí wọ́n bá gún un tán, mú un jáde kó lọ tọ̀. Lójoojúmọ́, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kó o tó lọ ta táyà kankan. Má sì padà wá sọ fún mi pé kò tọ̀. Ìròyìn kọ́ ni mo fẹ́, ìtọ̀ ni mo fẹ́."

"Màmá, ẹ tutù nínú ná, ó ti parí."

"Kò tíì parí! Inú ṣì ń bí mi," ó dáhùn, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì.