Ta Ló Ní Ọbẹ̀ Ti Kan?

Nígbà tí a kò tíì ní ìpínlẹ̀ tiwa, tí à ń lọ sí Àkúrẹ́ fún gbogbo ọ̀rọ̀ ìjọba, Níkẹ́ ọmọ Erìjìyàn ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní búkà Màdáámù Victoria Ògúntóyè, lẹ́bàá títì Aràmọkọ, níbi tí àwọn mọ́tò tó ń lọ Iléṣà máa ń dúró sí. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun tí àwọn tó jẹun bá fi sílẹ̀ fún un ló fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyá rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó lawọ́ sí i tó Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé kan nítòsí. Adó ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà búkà ló ti ń jẹun ọ̀sán. Bó bá jẹun tán, á ní, "Níkẹ́, fi ṣéńjì yẹn ra nǹkan." Níkẹ́ á kúnlẹ̀, á dúpẹ́. Ọkùnrin náà kò nawọ́ sí i lára rí bí àwọn awakọ̀ kan ti ń ṣe. Bí àbúrò bàbá rẹ̀ ni Níkẹ́ ṣe mú un.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ó fi iyán kan ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ó fi sẹ́nu, ó dáwọ́ dúró. Ó ní kí Níkẹ́ sún mọ́ òun.

"Ọbẹ̀ yìí ti kan," ó rọra sọ. "Àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ níta. Sọ fún màdáámù yín kó tó di wàhálà. Ṣùgbọ́n má dárúkọ mi o."

Níkẹ́ náà mọ̀. Èyí tó ṣẹ́kù ní Sátidé ni Beatrice, ọmọ ẹ̀gbọ́n màdáámù tó ń se oúnjẹ, gbé kaná, tó bu epo tuntun lé. Nígbà tí ọwọ́ dilẹ̀, Níkẹ́ lọ kúnlẹ̀ níwájú màdáámù.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, oníbàárà kan ní ọbẹ̀ ti kan."

"Ta ni?"

"Wọ́n ní kí n má dárúkọ àwọn, mà."

Màdáámù bú sẹ́rìn-ín. "O ò lè dárúkọ, nítorí ìwọ gan-an lo ń sọ ọ́. O fẹ́ kí n lé Beatrice kí o lè bọ́ sídìí ìkòkò. Bí o ò bá sọ ẹni náà, kó ẹrù rẹ."

Níkẹ́ ronú kan oògùn ìyá rẹ̀. Ó tún rò ó pé ẹni tó ń ṣàánú òun lójoojúmọ́ kò ní jẹ́ kí ojú ti òun. Ó dárúkọ.

Lọ́jọ́ kejì, búkà kún. Bí Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí ṣe ń fọwọ́ láti jẹun ni màdáámù dé iwájú tábìlì rẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Níkẹ́ ní ẹ ní ọbẹ̀ mi kan."

Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí wo Níkẹ́, ó wo màdáámù. Ọkọ màdáámù wà lára àwọn tó ń yan ọ̀gá ilé-ìwé ní Àkúrẹ́, ó sì ti pẹ́ tí ọkùnrin yìí ti ń retí ipò náà.

"Èmi kẹ̀?" ó ní. "Áà, ìyá wa! Ta ló ń se ọbẹ̀ tó tó tiyín? Bóyá ọmọ yìí ṣì mí gbọ́ ni." Ó bu òkèlè ńlá, ó kì í bọ ọbẹ̀, ó gbé e mì lójú gbogbo wọn.

"Sà, ṣé ẹ ò sọ fún mi lánàá ni?"

Ó tún bu òkèlè mìíràn. Awakọ̀ kan tóun náà ti ráhùn ọbẹ̀ yẹn sí Níkẹ́ létí sorí kọ́, ó ń jẹ ẹran rẹ̀. Màdáámù kò pariwo. Ó kàn ní kí Níkẹ́ máa lọ.

Níbi tó ti ń dúró de mọ́tò ni Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí ti wá bá a, tó ki owó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Má bínú. Bó o bá dàgbà, wàá lóye."

Ó wu Níkẹ́ kó jù ú mọ́ ọn lójú. Ṣùgbọ́n kò ní owó mọ́tò. Ó gbà á, kò dúpẹ́.

Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. "Kí ló mú ọ dárúkọ rẹ̀?" ó bi í. "Ẹni tó ń ṣe ọ́ lóore!" Oògùn tí Níkẹ́ fi èyí tó ṣẹ́kù nínú owó ọ̀hún rà wà nílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Nígbà tó yá, Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí di ọ̀gá ilé-ìwé ní Ayétòrò. Níkẹ́ ríṣẹ́ ní búkà mìíràn l'Ẹ́fọ̀n. Lọ́jọ́ kan, obìnrin arìnrìn-àjò kan tó pọnmọ fọwọ́ kàn án.

"Àǹtí, ẹja yìí ń rùn. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

"Wọ́n á gbọ́, mà," Níkẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé àwo náà lọ sẹ́yìn, ó da ẹja náà fún ajá, ó sì fọ àwo. Nígbà tí oníbàárà mìíràn jókòó, ó ṣí ìkòkò kan náà, ó bu ẹja fún un.