Adìẹ Tí Kì Í Sàba

Nígbà tí Ògúntóyè fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo, tí ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ìjerò lọ́dún 1964, ó kó ìyàwó rẹ̀ Victoria bọ̀, àti ọmọ wọn obìnrin Olúwatóyìn, àti àpótí kan tí ẹ̀wù gáàdì, fèrè àti àsíá méjì wà nínú rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni ó fi ṣe gáàdì. Bí ó bá fọn fèrè, tí ó na àsíá àwọ̀ ewé, ọkọ̀ á gbéra. Bí ó bá na pupa, ọkọ̀ á dúró. Ọkọ́ ìroko ni kò mọ̀ ọ́n dì mú.

"Ilé làbọ̀ sinmi oko," ni ó ń wí fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i.

Victoria kì í bá a dá sí i. Ilé tirẹ̀ kọ́. Ọmọ Òṣogbo ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan lọ́hùn-ún tí àbúrò rẹ̀ ń bá a tọ́jú, kò sì sí ọjọ́ kan tí ọkàn rẹ̀ kì í lọ síbẹ̀. Adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ òun àti Ìjerò: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ni oúnjẹ àwọn ó ti máa wá. Ó fi okùn wọn ilẹ̀, ó gbin ilá àti tẹ̀tẹ̀ ní ìlà gbọọrọ bí ojú irin, àwọn ará àdúgbò sì ń dúró wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ewúrẹ́ jẹ ilá àkọ́kọ́ tán pátá. Ó ṣọgbà, ó tún un gbìn. Kò burú fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

Adìẹ gan-an ni ó gbà á lọ́kàn. Ó ra adìẹ òyìnbó mẹ́wàá lọ́wọ́ àwọn àgíríìkì, funfun báláú, pẹ̀lú àkùkọ kan. Ó kọ àkókò oúnjẹ wọn sára pákó, ó kàn án mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé wọn: omi ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àgbàdo ní aago méje. Àràárọ̀ ni ó ń fọn fèrè, tí ó ń na àsíá àwọ̀ ewé, kí ó tó ṣílẹ̀kùn fún wọn. A kò rí adìẹ tó mọ aago rí, ṣùgbọ́n ebi a máa pa wọ́n, wọn a sì jáde.

Lóṣù kẹjọ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yé, Victoria bá ọkọ rẹ̀ ṣe àdéhùn.

"Bàbá Tóyìn, bí ẹ bá fi òròmọdìẹ tó jáde nínú ẹyin lẹ́yìnkùlé yìí hàn mí kí Kérésìmesì tó dé, n ó fi ṣọ́ọ̀bù mi sílẹ̀ fún àbúrò mi, n ó jókòó síhìn-ín. Bí n kò bá rí i, n ó padà sí Òṣogbo. Ẹ ó máa wá kí mi."

"O ti jókòó tán," ni ọkọ rẹ̀ wí tayọ̀tayọ̀. "Kí tún ni iṣẹ́ adìẹ bí kò ṣe kí ó pamọ?"

Kò mọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Ọ̀rẹ́ Victoria kan wà ní Òṣogbo tí ọkọ rẹ̀ ń bá àgíríìkì ṣiṣẹ́. Òun ló sọ fún un pé irú adìẹ funfun yẹn kì í sàba. Yóò yé ẹyin tán, yóò bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń mú ọmọ jáde nínú ẹyin rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ òròmọdìẹ ni Victoria fi ṣe àdéhùn, kì í ṣe ilá. Ó pe èyí ní ọgbọ́n. Orúkọ mìíràn wà fún un, ṣùgbọ́n kò pè é bẹ́ẹ̀.

Àwọn adìẹ ń yé. Ògúntóyè kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹyin kan nínú ilé náà. Ó tẹ́ koríko gbígbẹ, adìẹ gun un, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní bóyá ìmọ́lẹ̀ ló pọ̀ jù, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí ojú fèrèsé. Ó ní àkùkọ ló ya ọ̀lẹ, ó jókòó tì í, ó bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá òṣìṣẹ́ tó pẹ́ lẹ́yìn wí. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ẹyin kan bẹ́ nínú ìtẹ́, òórùn rẹ̀ sì gba àdúgbò kan.

"Ìyá Tóyìn, kí ló kú nínú ulé yín?" Amudalat ló ń bèèrè láti òdì kejì ọgbà, ìyàwó Àṣírù tó ń ta àgbàdo.

"Ẹyin ni," ni Victoria dá a lóhùn, ó sì wọlé lọ.

Nígbà tí oṣù kọkànlá ń parí lọ, tí ọyẹ́ ti dé, Victoria di ẹrù rẹ̀ sínú àpótí, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó lọ já tẹ̀tẹ̀, ó sì bá ọkọ rẹ̀ nínú ilé adìẹ. Ọkùnrin náà jókòó lórí ìjókòó kékeré, ó wọ ẹ̀wù gáàdì, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn.

"Àbí ara yín kò yá ni?"

Ó ṣí ẹ̀wù náà díẹ̀. Ẹyin mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ó fi aṣọ wé wọn mọ́ ikùn.

"Àárọ̀ yìí ni wọ́n yé wọn," ni ó wí, kò wo ojú ìyàwó rẹ̀. "Ara adìẹ gbóná. Tèmi náà gbóná."

Victoria fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò jáde.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi na àsíá kí èèyàn lè lọ," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ ni mo máa ń wò. Ọkọ̀ á ti lọ tán, yóò ṣì dúró síbẹ̀, kò ní mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ sí. N kò fẹ́ di ẹni yẹn, Ìyá Tóyìn."

Ojú ti Victoria. Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é, inú sì bí i pé àánú rẹ̀ ṣe é. Ó gbé tẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó gba ẹ̀yìn ọgbà lọ sọ́dọ̀ Amudalat.

"Ṣé o ní adìẹ kan tó ń sàba? N ó rà á."

"Ta ló ń ta adìẹ tó ń sàba?" ni Amudalat wí. "Ọ̀kan wà tó jókòó lórí ìtẹ́ òfìfo láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo lè fún yín sìn. Bí ó bá pamọ, a ó pín àwọn ọmọ sí méjì, ẹ mú kan, kí n mú kan." Ó wo Victoria lójú. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba adìẹ sìn nínú ulé wa kì í kó kúrò nínú ùlú kí a tó pín. A kì í sì í pín títí àwọn ọmọ náà á fi yé ẹyin tiwọn. Ó di òjò ọdún tó ń bọ̀. Mo ti rí àpótí yín lẹ́nu ilẹ̀kùn o."

Victoria dúró. Ó rántí òórùn aṣọ tuntun bí ó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, àti bí àwọn oníbàárà ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ láti títì. Ní Ìjerò, ìyá Tóyìn lásán ni. Ohun tó fẹ́ fi sílẹ̀ dùn ún gan-an, kò sì tan ara rẹ̀ jẹ pé kò dùn ún.

"Gbé e wá," ni ó wí.

"Ẹ so nǹkan mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kí a lè dá a mọ̀."

Ó gbé adìẹ náà sábẹ́ apá wọlé. Ó ṣí àpótí gáàdì, ó fi eyín gé etí aṣọ kan níbẹ̀, ó sì ya á tààrà bí oníṣòwò aṣọ ṣe ń ya á. Ó so ó mọ́ adìẹ lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó lọ bá ọkọ rẹ̀.

"Adìẹ Amudalat nìyí, ó gbé e fún wa sìn. Adìẹ tiyín kì í sàba, Bàbá Tóyìn. Mo ti mọ̀ kí n tó bá yín ṣe àdéhùn."

Ògúntóyè wò ó pẹ́. Adìẹ náà ti wọ inú ìtẹ́, ó ń fi ẹsẹ̀ tún koríko ṣe, ìgbà náà ni ọkùnrin náà rí aṣọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ta ló ya àsíá mi?"

"Èmi ni."

"Pupa lo ya. Èyí tó ń dá ọkọ̀ dúró."

"Mo mọ̀," ni Victoria wí. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́, ó na ọwọ́. "Ẹ kó ẹyin yẹn wá, kí ó tó tutù."