Ìrun Tí Wọn Kò Kí sí Shafiq Lára

“Gbogbo ohun tí ẹ bá bèèrè la ó ṣe,” ni Hájì Lutfi wí. “Ṣùgbọ́n àwa náà ní ẹ̀bẹ̀ kan kí a tó mu kọfí yín.”

Àwọn àgbà abúlé rẹ̀ ló kún pálọ̀ Munzir, apòògùn ní ìlú Nablus. Wọ́n wá tọrọ Rawan, ọmọ rẹ̀, fún ọmọ àbúrò Hájì; àṣà wọn sì ni pé àlejò kì í mu kọfí títí onílé yóò fi gbà.

“Ẹ sọ ọ́, Hájì.”

“Bàbá mi àgbà ni, Shafiq. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso wa, bàbá yín àgbà, Ààfáà Wasfi, gun mínbárì mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ní Shafiq ta ilẹ̀ fún àwọn Júù, pé ọ̀dàlẹ̀ ni. Àwọn tó gbọ́ ọ yìnbọn pa Shafiq. Ààfáà tún ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kírun sí i lára. Abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ la sin ín sí, lẹ́yìn odi itẹ́ òkú. Ilẹ̀ tí wọ́n ní ó tà yẹn, àwa la ṣì ń ká ólífì rẹ̀. Ẹ wá bá wa kírun sí i lára.”

Ghalib, ẹ̀gbọ́n Munzir, rẹ́rìn-ín tí kò dénú. “Hájì, ìyàwó lẹ wá fẹ́ ni, àbí ẹjọ́ lẹ wá rò?”

Ta ni kò mọ Ààfáà Wasfi ní Nablus? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò nílùú, kò bẹ̀ wọ́n. Orúkọ rẹ̀ wà lára ilé ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, àwọn àgbà kan wà tí wọ́n máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀.

Ghalib fa àbúrò rẹ̀ wọ ilé ìdáná, níbi tí Rawan ti ń fọ abọ́.

“Bí o bá lọ, o ti sọ fáyé pé apànìyàn ni Bàbá àgbà.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí Bàbá wa ń kú lọ. Ó ní Ààfáà padà mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n pa fún òun, pé ojú ló tì í.”

“Ogun là ń jà nígbà náà. À ń jà á dòní. Àwọn tó ń gba ilẹ̀ wa máa gbọ́, wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Ẹni tí kò bẹ̀rù Gẹ̀ẹ́sì, ṣé òkú kan ló yẹ kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa bẹ̀rù?”

Rawan ti omi ẹ̀rọ pa. “Bàbá, ẹ má torí tèmi ṣe é o. Bó bá jẹ́ torí ìgbéyàwó ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ.”

“Kì í ṣe torí tìẹ,” ni Munzir wí.

Ó padà sí pálọ̀. “Ẹ mu kọfí yín. A ti fún yín ní Rawan, ìyẹn ti tán. Ọ̀rọ̀ Shafiq dá dúró láyè ara rẹ̀. N ó gòkè wá sí abúlé yín lọ́la.”

Lọ́jọ́ kejì, àwọn sójà dá a dúró pẹ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tó dé, àwọn ará abúlé ti tò sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ náà. Ọkọ̀ Ghalib wà nísàlẹ̀ òkè. Kò sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, kò sì lọ.

Imáàmù abúlé bọ́ síwájú. Munzir rọra dì í lápá mú.

“Ẹ dákun, Imáàmù. Ilé wa ló ní kí wọ́n má kírun sí i lára. Ẹ jẹ́ kí ilé wa ṣíwájú.”

Imáàmù wo Hájì Lutfi. Hájì mi orí pé kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Munzir bọ́ bàtà rẹ̀, ó dúró níwájú sàréè, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè dé etí, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìrun tó yẹ kí wọ́n ti kí kí wọ́n tó bí i.