Níbo ni Díndín Àwọn Ọba Wà?

Ọ̀rọ̀ kan ti há sí Seon-ju lọ́nà ọ̀fun láti ìgbà òtútù, kò sì rí ojú tí yóò fi sọ ọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló yẹ kó gbọ́ ọ. Gbogbo ìgbà tó bá ti la ẹnu tán, ńṣe ló máa ń gbé e mì padà, bí ẹni tó ju iṣu gbígbóná sẹ́nu lójú àlejò. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò sì gùn: "Màmá, lọ́dún yìí, mi ò dín nǹkan kan mọ́ o."

Ìyàwó àkọ́bí ni Seon-ju nílé àwọn Pyo. Ní Korea, obìnrin tó bá fẹ́ àkọ́bí ti fẹ́ gbogbo òkú ilé ọkọ mọ́ ọn. Bí ọdún ìkórè tí wọ́n ń pè ní Chuseok bá ti ń kanlẹ̀kùn, ilẹ̀ ilé ìdáná ni Seon-ju máa ń jókòó sí. Páànù á wà níwájú rẹ̀, abọ́ ẹyin tí wọ́n pò á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á wá máa dín. Á dín ẹja, á dín elégédé, á dín olú, á dín ẹran lílọ̀, gbogbo rẹ̀ fún tábìlì àwọn baba ńlá. Àwọn ọkùnrin ilé á na ẹsẹ̀ sí pálọ̀, wọ́n á máa wo ìjàkadì lórí tẹlifísàn. Ẹnì kan á yọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á he èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná, á ní, "Ó dùn o!" á sì jáde. Lọ́dún tó kọjá, ọrùn ọwọ́ Seon-ju wú bíi búrẹ́dì. Òórùn epo kò sì kúrò nínú irun rẹ̀ títí oṣù fi lé.

Bun-rye lorúkọ ìyá ọkọ rẹ̀. Abúlé kan lẹ́yìn Yecheon ló ń gbé. Kì í ṣe ìkà ènìyàn. Bí ọmọ bá fọ́ àwo, á rẹ́rìn-ín. Bí òjò bá ba àwọn ata tó sá jẹ́, á ní òjò náà ní láti jẹun. Àmọ́ tó bá dọ̀rọ̀ tábìlì òkú, kò gba gbẹ̀rẹ́. Olóògbé ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bàbá Gi-taek ni wọ́n ń pè é, nítorí Gi-taek ni ọkọ Seon-ju, gbogbo abúlé sì gbà pé òun ló mọ àṣà jù. Tí wọ́n bá gbé àwo díndín kalẹ̀ tí kò kún, bàbá á mi orí, á ní, "Ní Jongmyo, níbi tí wọ́n ti ń bọ àwọn ọba, díndín máa ń ga bí òkè ni." Ta ló máa jiyàn? Kò sẹ́ni tó dé Jongmyo rí nínú wọn.

Ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí Chuseok kù díẹ̀, ìyá àgbà wá sọ́dọ̀ wọn ní Seoul kí dókítà tún ojú rẹ̀ yẹ̀ wò. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú náà ṣáájú, kùrukùru tó wà níbẹ̀ sì ti ká. Wọ́n parí kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí wọ́n ṣe jáde sí títì, ìyá àgbà dúró, ó ń wo bàtà àwọn ènìyàn, ó ń wo lẹ́tà ara ilé ìtajà, inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ọmọdé.

"Ìyá Haram," ló pe Seon-ju, nítorí Haram ni ọmọ Seon-ju. "Mú mi lọ sí Jongmyo."

"Jongmyo kẹ̀, Màmá? Ṣé orúnkún yín á gbé e?"

"Orúnkún ni kó dákẹ́. Bàbá ọkọ rẹ ṣèlérí títí pé òun á mú mi dé ibẹ̀, ó kú lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Ní báyìí tí mo tún rí ojú, mo fẹ́ fi wo bí àwọn ọba ṣe ń jẹun. Ó ṣeé ṣe kí nǹkan wà tí à ń fò níbi tábìlì tiwa."

Seon-ju ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, mo gbé. Tí ìyá yìí bá lọ rí tábìlì ọba, páànù méjì ni n óò máa gbé kaná. Síbẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀.

Níwájú Jongmyo, àwọn bàbá arúgbó ń ta ayò lábẹ́ igi, wọ́n ń bú ara wọn bó ṣe wù wọ́n. Ìyá àgbà kí wọn, ó sì wọlé. Ariwo ìlú dákẹ́ lẹ́yìn wọn. Ojú ọ̀nà olókùúta nasẹ̀ lọ sáàárín igi, àárín rẹ̀ ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Àárín yẹn, òkú ló ni ín, alààyè kì í tẹ̀ ẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan dúró síbẹ̀ gbàgà, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ lè ya fọ́tò rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí!" Ohùn ìyá àgbà lọ bí ìbọn. "Ojú ọ̀nà òkú lo dúró sí yẹn o! Ṣé o fẹ́ kí ọba gbá ọ lulẹ̀ ni?"

Ọmọkùnrin náà fò kúrò níbẹ̀ bí ẹni tó tẹ iná. Ó tẹrí ba. "Ẹ má bínú, Màmá."

"Èmi ò bínú. Àwọn tó o dí lọ́nà ni kó o bẹ̀."

Ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà rìn kọjá bí ọ̀gá ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n kò rìn jìnnà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn.

"Ta ni wọ́n bẹ̀ níṣẹ́ òkúta yìí? Ó ṣe rí gbágungbàgun báyìí?"

"Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, kí ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọba má baà sáré."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bàbá ọkọ rẹ náà kì í sáré." Ó gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ sí i. "Àfi tí oúnjẹ bá ti délẹ̀."

Wọ́n dé gbọ̀ngàn ńlá. Kò sí ẹni tó máa kọ́kọ́ rí ilé yẹn tí kò ní dákẹ́. Òrùlé rẹ̀ gùn títí, ó lọ láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún bí ìgbà tí ojú sánmà bá wálẹ̀ sinmi. Ìlẹ̀kùn tò tẹ̀lé ìlẹ̀kùn, gbogbo wọn tì. Lẹ́yìn ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, pákó tí ẹ̀mí ọba ń gbé wà nínú òkùnkùn. Ìyá àgbà yọ fìlà ìbòòrùn rẹ̀. Ó tẹrí ba, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Seon-ju gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Bàbá Gi-taek, mo ti dé ibẹ̀ o. Ó dára bí o ṣe wí."

Omi fẹ́ bọ́ lójú Seon-ju. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ òun tún di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Ta ló máa fẹnu ba inú ènìyàn jẹ́ níbi báyìí?

Nígbà tí wọ́n yí padà, wọ́n ya ilé kékeré kan tí wọ́n pàtẹ àwòṣe tábìlì ìpèsè àwọn ọba sí, pẹ̀lú gbogbo abọ́ àti ife bí wọ́n ṣe ń tò ó lọ́jọ́ ìrúbọ. Ìyá àgbà fi imú kan gíláàsì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan, ó ń wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan: ìrẹsì, jéró, kúndi, ẹ̀fọ́ oníyọ̀, èso gbígbẹ, àkàrà ìrẹsì, ẹran, ọtí. Ó dé ìpẹ̀kun kejì. Ó fajú ro. Ó tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Amọ̀nà kan wà nítòsí, obìnrin kan tó wọ aṣọ ìbílẹ̀ aláwọ̀ ewé. Ìyá àgbà pè é.

"Ọmọ mi, níbo ni díndín àwọn ọba wà?"

"Díndín báwo, Màmá?"

"Ẹja díndín! Elégédé díndín! Èyí tó máa ń ga bí òkè."

Amọ̀nà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò sí díndín ńbí o, Màmá. Oúnjẹ ayé àtijọ́ pátápátá ni tàwọn ọba. Ẹran yẹn, tútù ni wọ́n ń gbé e kalẹ̀."

"Tútù?"

"Tútù, Màmá."

"Ìrẹsì yìí ńkọ́?"

"A kì í sè é."

"Ohun tó ò ń sọ fún mi ni pé gbogbo ọba tó sùn síbí, kò sí ọ̀kan tí wọ́n ń dín ẹja fún?"

"Kò sí, Màmá. Wọn ò gbé páànù díndín wọ Jongmyo."

Ìyá àgbà yípo, ó jáde. Seon-ju sáré tẹ̀ lé e, ó bá a lórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi kan. Ó fi aṣọ ìnujú bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Màmá! Ṣé ojú ń dùn yín ni? Ẹ jẹ́ n pe dókítà."

Ìyá àgbà ṣí aṣọ kúrò. Ẹ̀rín ni. Ó ń rín in débi pé omi ń ṣàn lójú tuntun náà.

"Ọkùnrin yẹn!" ló ń wí. "Ọ̀kánjúwà ọkùnrin yẹn! Ìyá Haram, tá a bá ti forí balẹ̀ fáwọn òkú tán, ọwọ́ ta ló kọ́kọ́ máa ń dé inú àwo ẹja?"

Seon-ju ronú. "Ọwọ́ Bàbá ni."

"Ọwọ́ Bàbá! Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó! Ó fi ẹnu àwọn ọba tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ mi, mo sì ń dín in! Kò dé ibí yìí rí, mo fi orí mi búra. Ká ní ó wí fún mi pé, 'Bun-rye, ẹja díndín ń wù mí,' ṣé mi ò ní dín in fún un ni?"

Ẹ̀rín ran Seon-ju náà. Ó gbìyànjú láti pa á mọ́ra, kò ṣeé ṣe, ó bú u jáde. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú lórí bẹ́ńṣì, àwọn tó ń kọjá ń yí ojú wò wọ́n.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ìyá àgbà nu ojú. "Mo kórìíra epo gbígbóná," ló wí. "Apá mi yìí, wo gbogbo àpá rẹ̀."

"Ẹ̀yin náà, Màmá?"

"Ta ló fẹ́ràn rẹ̀? Ìwọ lo fẹ́ràn rẹ̀. O ò ráhùn rí. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé tí mo bá ní ká fi sílẹ̀, ìyàwó mi á ní mo ti ya ọ̀lẹ, mo ti gbàgbé òkú."

"Èmi?" Seon-ju dìde dúró láìmọ̀. Ọ̀rọ̀ tó há lọ́nà ọ̀fun bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. "Màmá, láti ìgbà òtútù ni mo ti fẹ́ sọ fún yín pé mi ò dín nǹkan kan mọ́! Ọrùn ọwọ́ mi ò gbà á mọ́!"

Ìyá àgbà wò ó látòkè délẹ̀. "Kí ló wá ń dí ọ lẹ́nu?"

"Ẹ̀rù yín ló ń bà mí."

"Èmi tí ẹ̀rù rẹ ń bà!" Ó na ọwọ́ kí Seon-ju fà á dìde. "Jọ̀ọ́, jẹ́ ká lọ jẹun. Ọba lè jẹ tútù, èmi ò lè jẹ ẹ́."

Ọjà Gwangjang kò jìnnà síbẹ̀. Wọ́n jókòó síwájú obìnrin kan tó ń da ẹ̀wà lílọ̀ sórí páànù ńlá, tó ń tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, tó ń yí i nínú epo tó ń hó. Ó pupa, etí rẹ̀ ń run wàràwàrà lẹ́nu. Wọ́n fi ọtí ìrẹsì sìn ín.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kórìíra díndín," ni Seon-ju fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Dídín ni mo kórìíra, ṣé mo ní jíjẹ ni? Èyí tí ẹlòmíràn bá dín kì í ní àbùkù. Ti ìyẹn sọ́dọ̀ mi."

Ó mu ife kan, ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó wá ní kí Seon-ju bá òun tẹ nọ́ńbà Gi-taek lórí fóònù.

"Gi-taek! Lọ́dún yìí, ẹni tó bá fẹ́ jẹ díndín, kó lọ dín in."

Seon-ju ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀. "Màmá, ṣé ara yín yá? Níbo lẹ wà?"

"Jongmyo ni mo ti ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn." Ó gbé fóònù padà fún Seon-ju kí ọmọ náà tó lè fèsì.

Bí wọ́n ṣe múra ọdún náà lábúlé nìyẹn. Wọ́n ra àkàrà ìrẹsì, wọ́n to èso, wọ́n se ọbẹ̀, wọ́n wá sùn bí ènìyàn. Láàárọ̀ Chuseok, òórùn epo ló jí Seon-ju. Ó sáré lọ sí ilé ìdáná. Ìyá àgbà dúró níwájú iná pẹ̀lú páànù kékeré kan, ó ń yí ẹja.

"Màmá! Ṣebí a ti jọ sọ ọ́!"

"Yé pariwo. Ti Bàbá Gi-taek nìkan ni. Òpùrọ́ ni, àmọ́ ọkọ mi náà ni." Ó gbé ọ̀kan sórí àwo. "Má fọwọ́ kan páànù mi o. Jókòó."

Seon-ju jókòó. Ó bu kọfí, ó ń wo ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń rọra kọrin sínú. Ìyá àgbà fi igi ìjẹun gé ẹja àkọ́kọ́ sí méjì, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìlàjì kan, ó sì fi í sí Seon-ju lẹ́nu. Ó ju ìyókù sẹ́nu ara rẹ̀. "Ó dùn," ló wí. "Adùn rẹ̀ nìkan ni ọkùnrin yẹn kò parọ́ nípa rẹ̀."

Nígbà tí àbúrò olóògbé dé fún ìrúbọ, ó wo tábìlì, ó rí àwo ẹja kékeré kan ṣoṣo lójú ibi tí òkè máa ń wà. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó wo ojú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọtí.