Ó Wà Nínú Balùwẹ̀

Irọ́ méjì péré ni Clifford Tattersall pa fún báńkì. Ìkejì ló ń dà á láàmú.

Ìkíní kì í ṣe irọ́ lójú àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi tirẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé etíkun Spéìn. Gbogbo wọn ló pa á. Báńkì ilé kì í fẹ́ bá ẹni tó ti kó lọ sókè òkun pa owó mọ́, nítorí náà kálukú fi àdírẹ́sì ẹbí kan nílé sílẹ̀ bíi pé ibẹ̀ lòun ń gbé. Ilé Edna ní Halifax ni Clifford fi sílẹ̀. Edna ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀.

Irọ́ kejì dé lẹ́yìn ìsìnkú Beryl, ìyàwó náà. Orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lórí àkáǹtì. Báńkì pè, wọ́n fẹ́ bá Beryl sọ̀rọ̀. Ẹnu Clifford yá ju ọkàn rẹ̀ lọ.

Ó ní, "Ó wà nínú balùwẹ̀."

Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀, ó gbọ́ omi tó ń ṣàn. Ó lọ wò ó. Ẹ̀rọ omi wà ní títì, ọpọ́n ìwẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n ooru omi ti bo dígí ara ògiri.

Ọdún méjì nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti pè, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló fún wọn ní èsì kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni omi ṣàn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ká sòótọ́, ó ti ń retí ìpè wọn.

Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún yìí, lẹ́tà báńkì dé. Kí tọkọtaya Tattersall sọ ibi tí wọ́n ń gbé gan-an kí oṣù tó parí, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ báńkì á ti àkáǹtì pa. Ọ̀kẹ́ mẹ́ta pọ́n-ùn ló wà níbẹ̀. Òun ni gbogbo ohun tí wọ́n fi ayé wọn ṣiṣẹ́ kó jọ.

Clifford tẹ́ ìwé sórí tábìlì. Báńkì Spéìn tó wà lóríta á gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n á sọ owó rẹ̀ di yúrò, èlé rẹ̀ ò sì tó ra búrẹ́dì. Báńkì kan wà ní erékùṣù Jersey fún irú wọn tó ń gbé òkèèrè: pọ́n-ùn á máa jẹ́ pọ́n-ùn, èlé rẹ̀ dára. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé èyí ló yẹ òun. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù wọn béèrè ibi téèyàn ń gbé, àti ẹni tí wọ́n jọ ni owó. Bó bá dáhùn, orúkọ Beryl á kúrò.

Ó pe Edna. Ó ní kó bá òun dá báńkì ilé lóhùn, kó ní inú ilé òun làwọn méjèèjì wà.

Edna ní òun ò ṣe é. Ó ní gbogbo ìgbà tí lẹ́tà tó ní orúkọ Beryl bá já sílẹ̀, òun máa ń gbọ́ ẹni tó ń gbọn agbòjò lẹ́nu ọ̀nà. Bí òun bá ṣílẹ̀kùn, kò sẹ́ni kankan. Ẹní ìnusẹ̀ ẹnu ọ̀nà nìkan ló máa ń rin fún omi.

Edna ní, "Ìwọ ń sọ fún wọn pé ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ọ̀dọ̀ rẹ lèmi mọ̀ pé ó wà. Clifford, ibo lo fẹ́ kí àbúrò mi jókòó sí?"

Clifford gbé fóònù sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo àdúgbò ń sun oorun ọ̀sán, báńkì pè.

"Ẹ káàsán, Ọ̀gbẹ́ni Tattersall. Ṣé ìyáàfin wà nítòsí?"

Omi ò dúró de èsì lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti ń ṣàn. Ẹnì kan ń kun orin lábẹ́ rẹ̀, bí Beryl ti máa ń kùn ún, tí kì í parí rẹ̀. Clifford tẹ́tí títí obìnrin tó ń pè láti báńkì fi tún béèrè.

Ó ní, "Kò sí nínú balùwẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà?"

"Ó ti kú. Ó pé ọdún méjì. Spéìn níbí ló kú sí. Ibí náà ni mò ń gbé."

Omi dá.

Obìnrin náà bá a kẹ́dùn. Ó ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù, sà." Ó sọ àwọn ìwé tí Clifford yóò fi ránṣẹ́ sí wọn, Clifford sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló fa fọ́ọ̀mù Jersey mọ́ra. Ó kọ àdírẹ́sì rẹ̀ gan-an. Ó kọ orúkọ kan ṣoṣo.

Ó dìde lọ sí balùwẹ̀. Dígí mọ́ kedere. Ipasẹ̀ tútù ti inú ọpọ́n wá sẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò sí èyí tó padà.

Àkísà wà nítòsí, kò fi nù ún. Ó jókòó létí ọpọ́n títí ilẹ̀ fi gbẹ.