Igun Àga Bíṣọ́ọ̀bù

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ sún mọ́ mi, òfófó tó wà lẹ́nu mi yìí, n ò lè dá a jẹ.

Kẹ́ẹ̀! Kìtán nìkan ló gbọ́ ọ. Káfíńtà ará Oǹdó ni, àmọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Ákùúrẹ́ ló wà lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn. Bíṣọ́ọ̀bù tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sórí àga tó kàn ni o, fìlà gíga onísonso lórí wọn, ni igun àga bá lanu.

Kìtán mọ ohun tó ṣe. Nígbà tó ń kàn án, Bàbá Ìjọ Adélaní ló ní, "A ò fẹ́ rí orí ìṣó kankan o. Àbí bẹ́ńṣì oníbọ̀ọ̀lì lo fẹ́ kàn fún wa?" Ló bá gé orí igi méjì ní dàgẹ̀rẹ̀, ó fi gúlù lẹ̀ wọ́n pọ̀ ní igun láìkan ìṣó. Ó dán, ó mọ́ra, bí igi kan ṣoṣo. Àmọ́ igi ọ̀hún ò tíì gbẹ! Wọ́n ń kán an lójú, kò sì lè ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ọyẹ́ wá dé, igi bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì.

Kó pariwo ni? Ẹyin lohùn o. Ta ló máa tún gbé iṣẹ́ fún un láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó? Kó dákẹ́ ńkọ́? Bíṣọ́ọ̀bù, bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún, á fẹ̀yìn lélẹ̀ níwájú pẹpẹ.

Kó tó mọ̀, ó ti kúnlẹ̀ lẹ́bàá àga, ó di igun náà mú pinpin. Làwọn ìyá ìjọ bá figbe ta: "Halelúyà! Ẹ̀mí ti gbé e!"

Bíṣọ́ọ̀bù ò tẹrí ba. Ètè wọn nìkan ló mì. "Ọmọ mi, kí ló dé?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹ̀yìn tì í. Èmi ni mo kàn án. Igi tútù ni."

Bàbá rọra fèsì: "Fìlà yìí náà tóbi jù mí lọ. Páálí ni mo ká sínú ẹ̀. Tí mo bá dìde lójijì, ilẹ̀ ló ń lọ."

Kìtán gbójú sókè. Bàbá di ọ̀pá wọn mú pinpin, gẹ́gẹ́ bí òun náà ṣe di igun àga mú.

"Dì í mú dáadáa," ni wọ́n wí. "Èmi náà ò ní mirí."

Bẹ́ẹ̀ làwọn méjèèjì ṣe wà títí Fíkà, àlùfáà ìjọ yẹn, fi parí ìwàásù. Ẹ̀rù ṣì ń ba Kìtán, àmọ́ kò dà bíi pé òun nìkan ló rù ú mọ́.

Ká ní ẹ̀yin ni, ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ máa kígbe ni, àbí ẹ máa kúnlẹ̀?